Oko tí bàbá fi sílẹ̀: ibi tí owó-orí wà àti ibi tí kò sí

Kò sí owó-orí tí ìjọba Nàìjíríà ń gbà lónìí nítorí pé bàbá kú tí oko rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó wà rí. Capital Transfer Tax ni wọ́n ń pè é, ọdún 1979 ni òfin rẹ̀ jáde, ọdún 1996 sì ni wọ́n pa á rẹ́. Òfin owó-orí tuntun, Nigeria Tax Act, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, kò jí i dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lábà, ìbáà ṣe ní Akínyẹlé tàbí ní Ọ̀nà-Àrà, tó ní ẹ gbọ́dọ̀ san "owó-orí ogún" kí ẹ tó lè wọ oko bàbá yín, ẹ ní kó fi òfin tó gbé e kalẹ̀ hàn yín. Kò ní rí i.

Ohun tó ń náni lówó ni ohun tí àwọn ọmọ bá ṣe sí oko náà lẹ́yìn ìsìnkú: kí wọ́n fi háyà, kí wọ́n máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n tà á, kí wọ́n kọ ìwé tí kò yẹ lé e lórí. Nínú gbogbo rẹ̀, àṣìṣe kan ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí jù lọ: wọ́n ń tà kí wọ́n tó pín. Mo máa ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ta ló ni oko náà báyìí?

Ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ilé wà ní agboolé, oko wà lábà. Ilẹ̀ abà tí baba ńlá yín tẹ̀dó kì í ṣe ti bàbá yín nìkan. Ti ẹbí ni. Bàbá kàn ń dáko níbẹ̀ ni. Kò lè há a nínú ìwé ìhágún, nítorí òfin ìwé ìhágún tí a jogún láti ayé Western Region kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti há ohun tí àṣà kò fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Oko tí bàbá fi owó ara rẹ̀ rà yàtọ̀. Nígbà tó wà láàyè, tirẹ̀ ni, ó lè tà á, ó lè há a fún ẹni tó wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí kò sì ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ọjọ́ tó kú gan-an ni oko náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Dáwódù yóò máa bójú tó o, ṣùgbọ́n kò di tirẹ̀. Bó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìpínlẹ̀ lórí pípín ogún ló ń ṣiṣẹ́, ìyàwó sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, èyí tí àṣà Yorùbá kò fún un.

Orúkọ tí bàbá kọ síbi "next of kin" ní báńkì tàbí níbi iṣẹ́ kò sọ ẹni náà di ajogún oko. Ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dá sílẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti pípín, ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá ní. Ìdí-igi ni pé kí a pín in sí iye ìyàwó tó bímọ, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan wá pín ti ìdí wọn. Orí-ò-jorí ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ dọ́gba-dọ́gba. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, parí ní 1962, olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ sọ pé ó jẹ́ àṣà gbogbo Yorùbá. Orí-ò-jorí ni èyí tí olórí ẹbí lè yàn nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in.

Ẹ mú oko éékà 12, ìyàwó mẹ́ta: èkínní bí ọmọ kan, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí mẹ́ta. Ní ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba éékà 4, ọmọ kan ṣoṣo ti ìyá kìn-ín-ní sì dá 4 rẹ̀ ní. Ní orí-ò-jorí, éékà 2 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Títà: ìdí tí pípín fi gbọ́dọ̀ ṣáájú

Kí 2026 tó dé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni ẹni tó ta ilẹ̀ ń san. Ní báyìí, èrè orí ilẹ̀ tí ènìyàn tà ti wọ inú owó tó ń wọlé fún un lọ́dún náà, ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣírò wọn. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé e, 18%. Lẹ́yìn náà ni 21% lórí ₦13,000,000, 23% lórí ₦25,000,000, àti 25% lórí ohun tó bá kọjá ₦50,000,000.

Ká ní wọ́n ta oko éékà 12 yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n yọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n yọ, èrè ₦6,000,000 ló kù. Bó bá jẹ́ orúkọ Dáwódù nìkan ló wà lórí ìwé, tó sì jẹ́ òun nìkan ni owó wọlé fún, tí kò ní owó mìíràn lọ́dún náà, ìṣirò rẹ̀ nìyí: 15% lórí ₦2,200,000 jẹ́ ₦330,000, 18% lórí ₦3,000,000 tó kù jẹ́ ₦540,000. Àpapọ̀ ₦870,000.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pín in lórí ìwé ní ìdí-igi kí wọ́n tó tà, ọmọ ìyá kìn-ín-ní ní èrè ₦2,000,000, yóò san ₦180,000. Àwọn méjì ti ìyá kejì ní mílíọ̀nù kan kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san ₦30,000. Àwọn mẹ́ta ti ìyá kẹta kò tó ₦700,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní san kọ́bọ̀. Àpapọ̀ ₦240,000. Ní orí-ò-jorí, ₦30,000 lọ́nà mẹ́fà ni, ìyẹn ₦180,000. Ilẹ̀ kan náà ni, owó kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ₦600,000, ìwé tí wọ́n kọ tàbí tí wọn kò kọ ló sì fà á.

Ọmọ tó ń gba owó oṣù kò ní rí àǹfààní yìí tó bẹ́ẹ̀. Bí owó-oṣù rẹ̀ tí wọ́n ń ṣírò owó-orí lé lórí bá ti tó ₦3,000,000 lọ́dún, ìpín ₦2,000,000 tirẹ̀ bọ́ sínú 18% tààrà, ₦360,000 ni yóò san lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ti ara rẹ̀ nìkan ló máa san. Kò ní kó ti àbúrò rẹ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ìpín kò bá hàn ńkọ́? Òfin owó-orí wa mọ ẹbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń san owó-orí. Owó tó bá wọlé fún ẹbí, tí a kò lè ya ìpín kálukú nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, orí ẹbí lápapọ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, ìpínlẹ̀ tí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ gba owó náà ń gbé ló sì ń gba owó-orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Dáwódù tó ń gbé ní Èkó, tó ń gba owó oko abà Lágẹlú, fi lè rí lẹ́tà owó-orí láti Èkó lórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Kì í ṣe àṣìṣe wọn.

Ìwé pípín náà kò ṣòro. Kí lọ́yà kọ ọ́, kí gbogbo ọmọ tó ti dàgbà fọwọ́ sí i, kí ó sọ ìdí kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, apá oko tó jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà òpó sọ́fè, kí ó sì ní déètì tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bá oníbàárà dúnàádúrà. Ìwé tí wọ́n sáré kọ lẹ́yìn tí owó ti wọ àkáǹtì ẹnì kan kò lè gbà yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi déètì àtijọ́ sórí ìwé tuntun: sítáǹpù ìjọba máa sọ òótọ́ ọjọ́ náà.

Iye tí oko náà tó lọ́jọ́ tí bàbá kú

Èrè ni wọ́n ń gba owó-orí lé lórí, kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ tà á. Nítorí náà ìbéèrè pàtàkì ni pé, láti iye wo ni wọ́n ti ń ka èrè? Lábẹ́ òfin owó-orí èrè títà ohun ìní ti 1967, tí a lò títí 2025 fi parí, ikú kì í ṣe títà tó ń fa owó-orí. Iye tí bàbá rà á ni wọ́n ń gbé fún ajogún bó bá ṣeé mọ̀. Bí kò bá ṣeé mọ̀, tí ó jẹ́ ilẹ̀ abà tí ẹnikẹ́ni kò rà rí, iye tó tó lọ́jà ní ọjọ́ ikú ni wọ́n ń lò. Fún ìdí yìí, ìwé méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì yín: rìsíìtì tí bàbá fi ra oko náà, bó bá rà á, àti ìwé estate surveyor tó forúkọ sílẹ̀, tó díye lé oko náà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí bàbá kú. Ọdún kan lẹ́yìn ikú, ó ṣì rọrùn láti díye lé e. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí títì ti gba ibẹ̀ kọjá, tí ilé ti yí oko ká, àròsọ ló máa dà lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Iye tí ẹ bá kọ pé ogún náà tó ni ilé ẹjọ́ ń wò kí wọ́n tó sọ iye tí ẹ máa san fún ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, nítorí náà wọ́n á kọ ₦500,000 sílẹ̀ fún oko tó tó ₦4,000,000, tí iye ìrà rẹ̀ kò ṣeé mọ̀. Wọ́n jèrè díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á ní ₦7,000,000, ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn búra sí ló máa jẹ́rìí ta kò wọ́n: èrè tó yẹ kó jẹ́ ₦3,000,000 di ₦6,500,000. Fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní owó mìíràn, owó-orí ₦330,000 di ₦960,000. Òtítọ́ ló dín owó kù níbí.

Ohun tí ẹ lè yọ kúrò nínú iye tí ẹ tà á: owó lọ́yà, owó ejẹ́ǹtì, owó sọ́fè, owó ìpolówó títà náà. Ohun tí ẹ fi tún oko náà ṣe tó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ títà náà wọlé: kànga tí ẹ gbẹ́, wáyà tí ẹ fi yí i ká, kòkó tàbí ọ̀pẹ tuntun tí ẹ gbìn. Owó tí ẹ fi ń ro oko lọ́dọọdún kò sí lára rẹ̀. Ìnáwó iṣẹ́ oko ni ìyẹn, inú èrè irè oko ọdún náà ni ẹ ti ń yọ ọ́. Owó tí ẹ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ láìsí rìsíìtì kò sí níbì kankan. VAT, owó-orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, kò sí lórí ilẹ̀ títà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kún un fún yín.

Ìwé tó yẹ, àti èyí tí kò yẹ

Ilẹ̀ ẹbí lábà ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láìsí ìwé kóòtù. Ṣùgbọ́n oko tó ní C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà), tàbí ìwé ìrà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ bàbá nìkan, ẹ máa nílò Letter of Administration, ìwé àṣẹ tó sọ àwọn tó máa jẹ́ alábòójútó ogún, láti ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ẹ̀ka Probate wọn. Bí ìwé ìhágún bá wà, Probate, ìwé tí ilé ẹjọ́ fi fọwọ́ sí ìwé ìhágún náà, lẹ ń gbà dípò rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ikú láti National Population Commission ló ṣáájú. Ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ kọ gbogbo ohun ìní sílẹ̀, ní ti oko sì, ẹ má kọ "oko kan ní Ìdó" lásán: orúkọ abà, iye éékà, iye igi kòkó tàbí ọ̀pẹ, orúkọ àwọn tó bá yín pààlà. Àwọn alábòójútó kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan wá láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí kò bá ní ẹnì kankan níbẹ̀ ló sábà máa ń lọ dí ìwé náà lọ́nà. Ẹ máa mú onídùúró méjì wá, tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé ìdúró tó sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì iye ogún náà. Ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn, ọjọ́ 21 sì wà fún ẹni tó bá ní àtakò.

Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ń wáyé. Alábòójútó kì í ta oko fún ọmọ olóògbé, nítorí náà kì í ṣe Deed of Assignment, ìwé títà ilẹ̀, ni wọ́n ń kọ. Assent ni: ìwé tí àwọn alábòójútó fọwọ́ sí, tó dárúkọ ẹni tí oko bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹni tó bá lo Deed of Assignment ti sọ ogún di títà, ó ti pe owó àṣẹ gómìnà àti sítáǹpù títà sórí ara rẹ̀, ó sì ti dá ìbéèrè owó-orí sílẹ̀ níbi tí kò sí. Ẹ fi assent náà gba sítáǹpù, kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Kí ẹ tó lọ, ẹ wádìí owó ilẹ̀ ọdọọdún lórí C of O náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ground rent. Bàbá lè ti jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀, ilẹ̀ ni gbèsè náà sì ń tẹ̀ lé, kò bá olóògbé lọ. Wọ́n sì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta, nítorí náà ọmọ tí kò tíì san rí yóò dá gbogbo ẹbí dúró.

Sọ́fè: ẹ má jẹ́ kó jáde ní orúkọ Dáwódù nìkan. "Ẹbí olóògbé" tàbí orúkọ gbogbo alábòójútó ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47, éékà kan jẹ́ 43,560 square feet, ìyẹn plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 níbùú, 120 lóòró, bíi mẹ́fà, tàbí ẹsẹ̀ 50 níbùú, 100 lóòró, bíi mẹ́jọ ó lé díẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ̀nà. Ejẹ́ǹtì tó bá ní éékà kan máa fún yín ní plọ́ọ̀tì mẹ́wàá ń tan yín.

Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lágbára láti tà. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti dájú: ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà láìsí olórí ẹbí kì í ṣe títà rárá, èyí tí olórí ẹbí tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn yẹn lè lọ tú u ká ní kóòtù. Land Use Act ti 1978 tún fi tirẹ̀ kún un: oko tí kò sí ní àgbègbè tí gómìnà kéde bíi ìlú ńlá, abala 36 rẹ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ gé e sí plọ́ọ̀tì. Àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti gómìnà gbọ́dọ̀ wà kí ilẹ̀ tó yí ọwọ́ padà ní títà. Ìdúnàádúrà tó bá ta kò òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó-orí tí ẹ sì ti san lórí irú títà bẹ́ẹ̀, wàhálà ni láti gbà á padà.

Bí ẹ kò bá tà á

Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ yín ń san, owó ni lábẹ́ òfin owó-orí, kódà bó bá jẹ́ iṣu àti epo ni wọ́n gbé wá. Ó sábà máa ń kéré débi pé kò ní kọjá ₦800,000, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì máa fún wọn ní rìsíìtì. Ìdí kejì ju owó-orí lọ: ìṣákọ́lẹ̀ tó ní àkọsílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ní kóòtù pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tó ń san án.

Kọ́ńpánì tó bá gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sórí oko máa yọ 10% kúrò nínú owó háyà kó tó fún yín. Owó-orí tí ẹ ti san ṣáájú ni, kò sọnù. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún, kí orúkọ orí rẹ̀ sì bá orúkọ ẹni tó ń kọ owó náà sílẹ̀ mu, ìyẹn ẹbí tàbí ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́. Bí orúkọ Dáwódù bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí owó jẹ́ ti ọmọ mẹ́fà, òun nìkan ló máa rí i lò.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni gbèdéke kíkọ owó ọdún tó kọjá sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ owó-orí ìpínlẹ̀. Ìtanràn ẹni tí kò bá ṣe é lábẹ́ òfin tuntun jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Lórí oko kékeré, ìtanràn náà lè ju owó-orí fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun

Ọmọ tó ń gbé ní London, tí bàbá rẹ̀ gbé Ìbàdàn títí ó fi kú, ìjọba UK kò ní gba owó-orí ogún lórí oko náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí olóògbé gbé ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá ló ti gbé ní UK fún ọdún 10 nínú 20 tó ṣáájú ikú rẹ̀, láti oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n ti ń ka gbogbo ohun ìní irú ẹni bẹ́ẹ̀ jákèjádò ayé, oko tó wà ní Ìdó pẹ̀lú: 40% lórí ohun tó bá kọjá £325,000. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún àgbẹ̀ níbẹ̀ kò dé Nàìjíríà; láti oṣù kẹrin 2024, oko tó wà ní UK nìkan ló kàn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba ogún tó ju $100,000 lọ láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ Form 3520 sí IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba Amẹ́ríkà. Kò san owó-orí lórí ogún náà, ṣùgbọ́n ìtanràn àìkọ ọ́ lè dé 25% rẹ̀. Bó bá wá ta oko náà, iye tó tó lọ́jọ́ ikú ni Amẹ́ríkà fi ń ka èrè rẹ̀, nítorí náà ìwé estate surveyor tí ẹ ṣe ní Ìbàdàn máa wúlò fún un níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé pípín. Bí kò bá lè wálé fọwọ́ sí i, kí ó fún ẹnì kan láṣẹ nínú power of attorney tó búra sí níwájú notary, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, níbẹ̀. Fọ́tò ìwé tó fọwọ́ sí lórí WhatsApp kò tó.